Ọjọ́ Tí Mo Sọ Pé Bàbá Mi Ti Kú

Òórùn méjì ló máa ń gbé mi padà sí Ìkòròdú ayé àtijọ́: òórùn ẹja tí wọ́n ń yan, àti òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kan báyìí, àwọn méjèèjì pàdé nínú yàrá àwọn obìnrin tí mo dùbúlẹ̀ sí. Èéfín ẹja ti wọlé láti agboolé tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn kí wọ́n tó ti gbogbo fèrèsé, nígbà tí wọ́n sì tì wọ́n tán, kò ríbi jáde mọ́. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ọ̀kan nínú wọn lásán, kì í ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá pàdé, màá tún di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó dá wà lórí bẹ́ẹ̀dì onírin, tó ń ka igi àjà.

Kí a tó gba òmìnira ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí kan ní Ìkòròdú, mo sì ń gbé yàrá kan ní ilé ìyá arúgbó kan tó jẹ́ opó. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí mi, níbi tí bàbá mi ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ni wá, ọmọ àwọn tó sá kúrò ní Èkó láyé ogun tí wọn ò padà mọ́. Nínú ilé wa, wọ́n máa ń sọ ìtàn ìsákúrò yẹn bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lánàá gan-an, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́.

Ìyá mi kú nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Kókó ló yọ sí wọn lọ́mú, kókó náà di egbò, egbò náà ni wọ́n sì bá lọ. Mo rántí ìlẹ̀kùn yàrá wọn tó máa ń wà ní títì, àti ewé gbígbóná tí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin máa ń gbé wọlé nínú àwo, tó sì máa ń gbé jáde pẹ̀lú aṣọ bíbò. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n wọn yìí pé bàbá mi gbé ìyá mi lọ Èkó lọ́dọ̀ àwọn dókítà, pé bàbá mi ló kọ̀, tí wọ́n ní abẹ ò ní kan ìyàwó àwọn. Mi ò bi bàbá mi bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo kàn gbé e sọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, “Ẹ káàárọ̀” àti “Ẹ kú iṣẹ́” ló ṣẹ́kù láàárín èmi àti wọn. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí wọ́n bi mí pé ibo ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé mi sí, mo ní ibikíbi tí kì í bá ti í ṣe Ẹ̀pẹ́.

Ọdún kejì mi ní Ìkòròdú, bí mo ṣe ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ mi kan nǹkan kan lọ́mú òsì. Ó tó kóró àgbálùmọ̀, ó le, ó sì ń yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ ìka mi bí ẹni pé kò fẹ́ kí n di òun mú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀ tọ̀ṣẹtọ̀ṣẹ. Mi ò sunkún. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé aago ilé-ìwé máa tó lù, mo sì dìde, mo wọṣọ, mo lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń mu àgbo tí mo rà lọ́wọ́ obìnrin kan, mo kàn sọ fún un pé inú ló ń run mí. Nígbà tí kókó náà tó ẹyin ẹyẹlé, mo gba ilé ìwòsàn lọ.

Dókítà òyìnbó kan ló máa ń wá láti Èkó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì láti ṣiṣẹ́ abẹ. Ìpá ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kókó ara lóríṣiríṣi, nígbà mìíràn ìfun bí ìka ọmọ tó wà lápá ọ̀tún ikùn, tó máa ń wú tó sì ń dunni. Ìka rẹ̀ tutù. Ó tẹ kókó náà sọ́tùn-ún sósì, ó tẹ abẹ́ abíyá mi, ó ní òun á yọ ọ́, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ wò ó ní Èkó kí wọ́n lè mọ irú ohun tó jẹ́. Ó sọ̀rọ̀ tán, ó jáde. Síìsítà, ìyẹn nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣàkóso yàrá àwọn obìnrin, ló dúró tì mí. Obìnrin tó sanra ni wọ́n, irun wọn ti ń funfun níwájú, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ní ìyípo.

Wọ́n ní, “Tíṣà, dókítà nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ abẹ. Aláìsàn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀.”

Mo mú ìwé mi jáde, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn ọmọ kíláàsì mi. Wọ́n ṣí ìpéǹpéjú mi wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó, kí n jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn fún mi. Wọ́n ní kí n sọ gbogbo ohun tí mò ń mu. Nígbà tí mo dárúkọ àgbo, wọ́n gbọn orí. “Dá a dúró lónìí. A ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a ò sì mọ ohun tó máa bá oògùn oorun ṣe nínú ara rẹ.” Bí ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn bá mú mi, kí n wá sọ, wọ́n á sún ọjọ́ síwájú. Kí n wá lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Bí mo bá ti jẹun alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí oúnjẹ mọ́, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, kò sí omi. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa mí kanlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí àyà mi má bàa dí, àti bí mo ṣe máa ná ẹsẹ̀ tí màá sì ká a lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì síbẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀.

“Kí o sì mú ẹnì kan wá,” ni Síìsítà wí. “Ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé, tó sì máa jókòó tì ọ́ bí o bá jí. Bàbá rẹ ńkọ́?”

“Wọ́n ti kú.”

“Ìyá rẹ?”

“Wọ́n ti kú.”

Ọ̀kan jẹ́ irọ́, èkejì jẹ́ òótọ́, ohùn kan náà ni mo fi sọ méjèèjì. Mi ò pète rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí bàbá mi bá gbọ́, wọ́n á tún kọ̀, èmi náà á sì kú sínú yàrá tó ní ìlẹ̀kùn títì. Síìsítà gbé ọwọ́ lé mi léjìká. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ òrukàn.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ìka dókítà lọ. Wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé fúnra mi.

Ẹni méjì péré ni mo sọ fún. Mo sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé wa nítorí ààyè tí mo fẹ́ gbà, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí ó dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ń wo ẹfun ọwọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo sọ fún opó tó ni ilé tí mò ń gbé, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn á jókòó tì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n kéde pé Orò máa jáde lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ mi gan-an. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ní Ìkòròdú. Láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́, obìnrin ò gbọ́dọ̀ jáde. Dókítà ò lè yí ọjọ́ padà, nítorí ibòmíràn ń dúró dè é. Ìyá onílé mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n gbé ẹrù mi lé mi lọ́wọ́. “Á dára fún ọ,” ni wọ́n wí, wọ́n sì yára padà lọ ra ohun tí wọ́n máa jẹ kí ọjà tó tú.

Ìyá àgbà kan láti Ìgbógbò nìkan ni mo bá nínú yàrá náà. Ìpá ìdodo ni wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn. Àwọn ọmọ wọn mẹ́ta ló yí wọn ká, wọ́n ń to igbá, wọ́n ń tẹ́ aṣọ, títí Síìsítà fi ní kí wọ́n máa lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n múra mi sílẹ̀. Mo fi ọṣẹ olóòórùn líle wẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n fá abíyá mi. Wọ́n ní kí n bọ́ yẹtí àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi, mo sì so wọ́n mọ́ etí gèlè. Nígbà tí wọ́n rí làálì tí mo lé nítorí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan, Síìsítà jókòó tì mí, wọ́n ń fi abẹ kékeré ha á kúrò léèékánná mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní èékánná ni àwọn á máa wò láti mọ̀ bóyá atẹ́gùn ń dé inú ẹ̀jẹ̀ mi bí mo bá ti sùn. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò di ọwọ́ mi mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbogbo fèrèsé tó kọjú sí ìgboro. O ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí igbe ẹlẹ́kọ, kò sí ìró odó, kò sí ọmọ tó ń sunkún lójú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, igbe Orò á ti òkèèrè wá, àwa obìnrin tó wà nínú ilé á sì dúró lójú kan, títí kan Síìsítà tí ọwọ́ wọn wà lórí agolo òwú. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo ń wo àwọn bẹ́ẹ̀dì òfìfo, mo sì ń ronú pé bí mi ò bá jí, ta ni wọ́n máa lọ sọ fún? Èmi fúnra mi ni mo ti pa ẹni tó yẹ kí wọ́n sọ fún.

Ìyá Ìgbógbò ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé. Bí nọ́ọ̀sì kan ṣe gbé ìrọ̀rí wọn, ewé ẹ̀kọ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀kọ náà sì ti tán nínú rẹ̀.

Síìsítà ní, “Ìyá, ẹ jẹun?”

“Ẹ̀kọ kan péré ni. Àwọn ọmọ mi ló fi sílẹ̀ kí òòyì má bàa kọ́ mi.”

“Ìyá, bí ẹ bá sùn, ẹ̀kọ yẹn á gòkè, á gba ọ̀nà èémí yín lọ. A ò ní lè ṣe yín lónìí.”

Ìyá náà wo Síìsítà, wọ́n wo èmi, wọ́n sì yí ojú sí ògiri. Ìfẹ́ àwọn ọmọ wọn ló sún iṣẹ́ abẹ wọn síwájú. Èmi tí kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan kan, èmi ni inú mi ṣófo. Wọ́n pè mí.

Mo fẹsẹ̀ mi rìn wọlé. Wọ́n bo nǹkan kan mọ́ mi nímú, òórùn tó dùn tó sì ń gúnni ń tinú rẹ̀ jáde. Ẹnì kan ní kí n máa ka nǹkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Mo rántí ẹ̀fà.

Òórùn ọ̀dà ló jí mi. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí ojú pákó ọkọ̀, tó ti wọ aṣọ iṣẹ́ bàbá mi láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Mo rò pé oògùn ló ń ṣe mí. Ojú mi ò là, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, ṣùgbọ́n etí mi ń gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà.

“Ta lẹ̀ ń wá, Bàbá?” Síìsítà ni.

“Ọmọ mi. Tíṣà láti Ẹ̀pẹ́.”

“Kí lẹ jẹ́ sí i?”

“Èmi ni bàbá rẹ̀.”

Síìsítà rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní: “Ó ní bàbá òun ti kú.”

Mo fẹ́ kígbe. Ohùn ò jáde. Mo ń retí kí ìbínú bẹ́, mo sì ń retí kí n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń lọ. 

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí lójú rẹ̀,” ni bàbá mi wí. “Ṣé ó wà láàyè?”

“Ó wà láàyè.”

“Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í, ẹ jọ̀ọ́.”

Ọ̀gá ilé-ìwé wa ni kò dákẹ́. Wọ́n ti fi iṣẹ́ rán ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìdí iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà bá bàbá mi láàárọ̀, inú aṣọ iṣẹ́ náà ni wọ́n sì gbà wọ inú ọkọ̀. Wọ́n sọ̀ ní Èbúté Ìkòròdú, wọ́n fẹsẹ̀ rin ìgboro tí kò sí obìnrin kan níbẹ̀, wọ́n ń bi àwọn ọkùnrin ọ̀nà ilé ìwòsàn. Gbogbo èyí, ẹnu ọ̀gá ilé-ìwé ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tó yá. Bàbá mi ò sọ ìkankan nínú rẹ̀.

Mo la ojú, mo rí wọn lórí àpótí kékeré, fìlà wọn wà lórí orúnkún. Mo ní kí wọ́n fún mi lómi. Síìsítà ní kò tíì yá, wọ́n fún bàbá mi ní òwú àti omi nínú ife, kí wọ́n máa fi pa mí létè. Ọwọ́ tó ń gbá ìṣó wọ pákó ni, ó nípọn, èékánná rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n òwú náà kàn mí létè bí ẹni pé kò sẹ́ni tó dì í mú. Wọ́n pe oríkì mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn gbẹ̀yìn.

Wọ́n ti òwú náà bọ omi, wọ́n ní, “Ìyá rẹ náà ò sọ fún mi.”

Mo yí orí sí wọn.

“Ọdún kan gbáko ló fi bò ó mọ́ aṣọ. Nígbà tí mo fi mọ̀, ó ti di egbò. Mo gbé e lọ Èkó. Dókítà ní ó ti kọjá abẹ, pé kí n gbé e padà sílé.”

“Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ̀.”

Wọ́n tún ti òwú náà bọ omi. “Ìyá rẹ ló bẹ̀ mí. Ó ní ẹ̀rù abẹ ló mú kí òun fi í pamọ́, pé òun ò fẹ́ kí o mọ̀ pé òun bẹ̀rù. Ó ní bí wọ́n bá béèrè, kí n ní èmi ni mo kọ̀.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

“Mo ti ṣèlérí fún un.”

Omi ń ṣàn láti ojú mi wọ etí, mi ò sì lè gbé ọwọ́ nù ún nítorí ojú abẹ. Mo ní, “Bàbá, ohun tí mo sọ fún Síìsítà…” Wọ́n gbé òwú náà lé mi létè. “Wọ́n ní kí o má sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

Bí ó ṣe parí nìyẹn. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n tú okùn abẹ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èsì dé láti Èkó pé kókó tí kì í pani ni, pé mo lè lọ gbé ìgbésí ayé mi. Ìyá Ìgbógbò padà wá, ebi pa wọ́n gidi lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì ṣe tiwọn láìsí wàhálà. Bàbá mi gbé ọdún mọ́kànlá sí i láyé. Mo máa ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà ìsinmi, màá jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, a ó máa sọ̀rọ̀ pákó àti omi. A ò dárúkọ ọjọ́ náà mọ́. Ó wà lẹ́nu mi lọ́pọ̀ ìgbà, màá sì gbé e mì.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá rántí ọjọ́ náà, èmi ni mo máa ń káàánú: ọmọdébìnrin tó dá rìn wọ yàrá abẹ nínú ìlú tí obìnrin ò lè jáde. Bí mo ṣe ń dàgbà ni àánú náà ń kúrò lórí mi. Ìdánìkanwà tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì ni, ẹnu mi ni mo sì fi fà á. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkùnrin kan fi gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, lójú ọmọ tó kórìíra rẹ̀, nítorí pé ó ti ṣèlérí fún òkú. Kò sẹ́ni tó jókòó ti ìyẹn. Bí mo bá sì wo gbogbo wa, ìyá mi tó bo kókó mọ́ aṣọ, bàbá mi tó bo ọ̀rọ̀ mọ́nú, àti èmi tí mo bo àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi abẹ kàn mí, mo máa ń sọ fún ara mi pé ìfẹ́ ò ṣọ̀wọ́n nínú ilé wa rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ṣọ̀wọ́n.